Bóòtù Kẹjọ Tó Kán

Ẹ gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná, ẹ jókòó. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n máa là mí láyà, dókítà kò sì ṣèlérí nǹkan kan fún mi. Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Àbúrò ìyàwó mi, ìwọ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Asùnwakọ̀, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Ìyàwó mi, má dá sí i, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

O rántí ọkọ̀ ológun àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ pákó wa rà, tí ìwọ ń wà. Àárín ìjókòó méjèèjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ìdérí irin nìkan ló wà láàárín òun àti awakọ̀. Mánífóòlù, irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, ti ń jò, mo sì ní láti tú u. Bóòtù mẹ́jọ tó dè é ti dógùn-ún, wọ́n ti gan. Kì í ṣe pé mi ò mọ iṣẹ́. A máa ń fi iná gáàsì mú un gbóná, a ó fi àbẹ́là kàn án kó yọ́ wọnú rẹ̀, a ó wá máa tú u díẹ̀, a ó tún dè é padà díẹ̀, títí yóò fi gbà. Méje ni mo fi sùúrù tú báyẹn. Nígbà tó kan ìkẹjọ, inú bí mi. Èèyàn ń bínú sí irin! Mo ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó dún pàá, ó kán sínú ẹ́ńjìnnì.

Ọlọ́gbọ́n á gbẹ́ ẹ jáde. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń pè ní Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀, ojú sì tì mí láti sọ fún máníjà. Mo to mánífóòlù padà, mo fi gọ́ọ̀mù irin lẹ orí bóòtù náà mọ́ ojú ihò rẹ̀, mo fi gíríìsì pa á lára. Kò sẹ́ni tó fura.

O wá bá mi, o ní, "Bùọ̀dá, orí ń fọ́ mi nínú ọkọ̀ yìí o. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Mo ní, "Oòrùn ló pa ọ́. Lọ mu omi."

Ọjọ́ kẹrin, lọ́sàn-án gangan, o já wọ kòtò pẹ̀lú ẹrù pákó. Ẹsẹ̀ òsì rẹ bá a lọ. Wọ́n ní o sùn ni. Kí àwọn olùṣèwádìí tó dé, mo sáré gbẹ́ bóòtù tó kán jáde, mo fi tuntun sí i, mo wá fọwọ́ sí ìwé pé ọkọ̀ kò ní àléébù. Wọ́n lé ọ lẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó burú jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Nínú yàrá yìí lo ti bi mí pé, "Bùọ̀dá, mi ò rántí pé oorun kùn mí. Ṣé èèyàn lè sùn kó má mọ̀?" Mo wò ọ́ lójú, mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀." O bú sẹ́kún, o ń bẹ̀ mí pé o bà mí lórúkọ jẹ́ níbi iṣẹ́. Mo sì ní mo ti dárí jì ọ́. Èmi, ọ̀dájú!

O ò sùn. Èéfín tó ń jò níbi bóòtù yẹn ló mú ọ dákú.

Mo ti ránṣẹ́ sí máníjà àti akọ̀wé rẹ̀, aago mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀. Màá sọ ọ́ lójú wọn, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì fọwọ́ sí i, ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: dúró dè wọ́n, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún ọ pé o ò sùn. Lẹ́yìn náà, tí o bá fẹ́ jáde láìdágbére fún mi, máa lọ.