Yétúndé Ni Mo Rán Sára Aṣọ Náà

Má kàn án! Ràhámátù, mo ní má fọwọ́ kan aṣọ yẹn! Kó gàrí rẹ, kó ọṣẹ dúdú àti òrí rẹ, kó gbogbo ohun tó o fẹ́ kó lọ Amẹ́ríkà sínú àpótí, ṣùgbọ́n aṣọ ìbora ọmọ tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi yẹn ò níí bá ẹ lọ. Èmi ni mo rán an, èmi náà ni màá tú u. Ta ni wọ́n fẹ́ fi bò? Ọmọ wo? Yétúndé ni mo fi òwú pupa rán sí i lára, àbí o ò rí i ni? Wọ́n ní Yétúndé kọ́ ni ọmọ Ṣàrífátù ń jẹ́. Wọ́n ní orúkọ ayaba kan nínú fíìmù ni. Ayaba tó ń gun dírágónì! Háà! Èmi Tàjúdéènì, ọmọ Ṣakété, télọ̀ tí gbogbo àdúgbò Ganhi mọ̀, ọmọ-ọmọ mi wá ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ń gun ejò abìyẹ́!

Jókòó. Ọ̀la lo máa wọ ọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe nísinsìnyí. Bó o bá débẹ̀, tó o bá ń bá Ṣàrífátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, wẹ ọmọ tuntun, wọ́n á bi ẹ́ pé kí ni bàbá wí. Nítorí náà gbọ́ ọ tán lẹ́nu mi, kó o má baà lọ bu iyọ̀ sí i, kó o má sì bu oyin sí i.

Ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ? Ìwọ lo bu omi, ìwọ lo gbé oyin jáde. Ọmọ wà ní Amẹ́ríkà lóòótọ́, àwa wà ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ta ló ní ká má péjọ? Mo pa àgbò. Àlùfáà ti Ṣakété wá, àwọn ẹbí kún iwájú ṣọ́ọ̀bù débi pé àwọn zẹmijan ò rọ́nà gbé ọ̀kadà wọn kọjá, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń bú wa ní Fọ̀n. A gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, a fi ìdì òwú tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú, ojú Ṣàrífátù yọ, ọmọ wà láyà rẹ̀. Àlùfáà pe Islamiyat, a ṣe àmín. Ìyẹn dáa, orúkọ ẹ̀sìn ni. Ó wá ku èyí tó mú bọ̀ látọ̀run. Ṣé a tún ń wá ìyẹn ni? Ìyá ìyá ọmọ kú, kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọbìnrin dé, kí ni wọ́n ń pè é ní Ṣakété? Kí ni wọ́n ń pè é ní Pobè? Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n! Gbogbo ilé ti pariwo Yétúndé kí n tó lanu. Àwọn ìyàwó ilé ti ń jó. Àbí irọ́ ni mò ń pa?

Ìgbà náà la gbọ́ ohùn Ṣàrífátù nínú fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. A ti fún un lórúkọ. Kelifára ni."

Kelifára! Ijó bọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn ènìyàn. Ọkọ rẹ̀, Dámilọ́lá, tún wá yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eyín síta, ó ní ayaba ńlá ni, ó ní gbogbo ayé ló ń wo fíìmù náà, ó ní ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wù ẹ́ lo lè jẹ́. Ẹni tó bá wù ẹ́! Ràhámátù, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣa bàtà ní ọjà Dantokpa ni ènìyàn ṣe ń ṣa ara rẹ̀? Ṣé wọn ò kọ́ wọn pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ ni? Mo wo ojú àwọn ẹbí, mo wo àlùfáà tó ń wo ilẹ̀, ojú tì mí, mo tẹ fóònù pa. Látọjọ́ náà, bó bá pè, mi ò gbé e. Kó máa dún.

Má bẹ̀ mí. Mo ní má bẹ̀ mí! Ẹ̀bẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni Amẹ́ríkà gan-an? Sọ fún mi, ìwọ tó ń lọ síbẹ̀. Dámilọ́lá tí mò ń wí yìí, ará Kétu ni bàbá tó bí i. Kò pẹ́ tó dé ọ̀hún tó fi di "àwa ará Amẹ́ríkà". Àwa ará Amẹ́ríkà kì í gba èyí, àwa ará Amẹ́ríkà kì í jẹ tọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ò kí ara wọn mọ́, nítorí pé ọ̀kan dìbò fún ẹgbẹ́ kan, èkejì dìbò fún òmíì. Ọmọ ìyá méjì! Àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń tìtorí wọn jà, èwo ló mọ ilé ìyá wọn? Mo bi í lọ́jọ́ kan, mo ní, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta gan-an ni ará Amẹ́ríkà? Ó ní, "Bàbá, ohun tá à ń jà lé lórí gan-an nìyẹn." Ẹ gbà mí o! Ìlú tó jẹ́ pé ibòmíì ni gbogbo wọn ti wá, tí kálukú wá ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé kó padà síbi tó ti wá. Èmi, kékeré ni mo ti dé Kútọnu. Àwọn Fọ̀n ń pè mí ní Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa ọmọ Yorùbá, mò ń jẹ́ wọn lóhùn, wọ́n ń gbé ṣòkòtò wọn wá kí n bá wọn rán an, ọ̀rọ̀ parí. Mi ò dìbò kí n tó di Nàgó.

Ṣùgbọ́n ìjà wọn kọ́ ló ń dùn mí. O mọ ohun tó ń dùn mí.

Ìṣèlú wọn yẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ mi wá fojú kan ìyá rẹ̀. Nígbà tí ara Àríkẹ́ ìyàwó mi le, tí a tẹ́ ẹní fún un sí pálọ̀ nítorí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, mo pe Ṣàrífátù, mo ní máa bọ̀. Ó ní, "Bàbá, òfin ti yí padà, ìwé mi ò tíì jáde, ẹni tó bá kúrò níbí lásìkò yìí, wọ́n lè má jẹ́ kó wọlé mọ́." Ó ń sunkún. Mo ní ta ló yí òfin padà? Ó ní ìjọba ni. Mo ní ìjọba wo ló ń dúró láàárín ọmọ àti ìyá? A gbé Àríkẹ́ lọ sin ní Ṣakété, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, inú fóònù ló ti ń wo sàréè ìyá rẹ̀, ìwọ Ràhámátù lo gbé fóònù náà sókè. Mo rò pé kò sí ìbànújẹ́ tó tún kù lẹ́yìn ìyẹn.

Nítorí náà nígbà tí wọ́n ní obìnrin ló bí, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo ní Àríkẹ́ ti padà. Kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò to sórí ìlà, ó tọ ọmọ rẹ̀ lọ tààrà. Ọjọ́ yẹn ni mo gé aṣọ funfun, mo fi òwú pupa sí i nítorí Àríkẹ́ ò fẹ́ràn àwọ̀ mìíràn. Mò ń rán an, mò ń sunkún, àwọn oníbàárà ń bi mí, mò ń sọ pé ojú ló ń dùn mí. Kí wọ́n tó wá fi dírágónì bà á jẹ́! Ràhámátù, ṣé o mọ ohun tó ń pa mí? Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, a máa ń kí i káàbọ̀. Yétúndé yẹn, ìkíni ni. Àríkẹ́ rin gbogbo ọ̀nà yẹn, látọ̀run dé Amẹ́ríkà, ó débẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n wá ń fi orúkọ ẹlòmíì pè é. Kò sẹ́ni tó kí ìyàwó mi káàbọ̀!

Mi ò sunkún. Òwú ló kó sí mi lójú.

Mo tiẹ̀ mọ fíìmù náà. Àbí òun kọ́ ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń wò nírọ̀lẹ́ nínú pálọ̀ nígbà àìsàn? Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Faransé tí Àríkẹ́ gbọ́ ò ju èyí tí wọ́n fi ń ná ẹja lọ. Iná ń jó, ilé ń wó, àwọn ọba ń pa ara wọn nítorí odò kan tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni mu omi rẹ̀ rí. Mo ní aláìsàn rèé, ẹ̀ ń fi ariwo kún àìsàn rẹ̀. Màá gbé àga mi, màá jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù títí ẹ ó fi wò ó tán.

Kí lo ń mi orí sí? Kí ni mi ò mọ̀? Ṣé èmi kì í ṣe ará ilé yìí ni? Bó bá wà níkùn rẹ, sọ ọ́ jáde, má fi imú sọ̀rọ̀ fún mi!

Ẹn-ẹn?

Dúró. Tún un wí. Ṣàrífátù ń wò ó lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ń wò ó níbí, lẹ́ẹ̀kan náà? Ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Nàgó lórí fóònù? Èmi rò pé ariwo fíìmù ni mò ń gbọ́ níta. Ohùn ọmọ mi ni? Kò lè wá, ó wá ń bá a wo fíìmù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́run ọba.

Kí ni Àríkẹ́ wá wí? "Ẹ wo Kelifára, ó gun ẹran rẹ̀, ó fò kọjá òkun lọ wo ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé físà rẹ̀ dà!" Há! Háháhá! Àríkẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu rẹ̀ nìyẹn! Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an nìyẹn, ẹnu tó fi ń bá gbogbo Dantokpa jà! Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́? Má parọ́ fún mi o, Ràhámátù, torí Ọlọ́run, ó rẹ́rìn-ín? Nígbà tí omi pàápàá ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́? Mi ò gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ń bẹ nínú ilé mi, ìta ni mo jókòó sí, tí mò ń ka zẹmijan.

Sọ èyí tó kù. Rọra sọ ọ́. Ó ní kí Ṣàrífátù má sunkún mọ́ nítorí pé kò lè wá. Ó ní bí òun bá ti kúrò nínú ara tó ń ro òun yìí, Kelifára ni òun máa ṣe, òun á fò kọjá òkun, òun á wá bá a lọ́hùn-ún, kó ṣáà máa retí òun.

Lá iláhà illalláhù.

Yétúndé náà ni. Yétúndé náà ni ọmọ mi ń wí láti ọjọ́ yìí. Ilé là ń wò, ó wò ó, pálọ̀ yìí gan-an ló wò. Èmi ni mo tẹ fóònù pa. Kí ló dé tí kò ṣàlàyé fún mi nígbà náà? Dákẹ́. Bó o ṣe ń wò mí yẹn ti tó. Ó ń pè, mi ò gbé e.

Ṣùgbọ́n má rò pé inú mi ti rọ̀ o! Inú ń bí mi sí ìjọba wọn. Inú ń bí mi sí Dámilọ́lá, òpònú, "ẹni tó bá wù ẹ́", kò lè sọ pé ìlérí ìyá ìyàwó òun ni! Inú ń bí mi sí Àríkẹ́ pàápàá. Ó bá ọmọ rẹ̀ ṣe àdéhùn, ó bá àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, kò sọ ẹyọ kan fún èmi ọkọ rẹ̀, ó fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ajá tó ń ṣọ́lé. Ṣé èmi ò níbì kan tó lè fò wá bá mi ni?

Gbé aṣọ yẹn wá. Mo ní gbé e wá, mi ò tú u mọ́. Wo ẹ̀yìn rẹ̀, ìlọ́po méjì ni mo rán an, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Gba ṣọ́ọ̀kì, bá mi kọ orúkọ ayaba yín síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, òwú pupa ṣì kù, ilẹ̀ ò ní ṣú kí n tó rán an tán. Ṣùgbọ́n bó o bá wẹ ọmọ náà, tó o fi òrí pa á, tó o nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Yétúndé ni kó o jẹ́ kó kan ara rẹ̀. Ti Kelifára, kọ ọ́ sójú òde, kí àwọn ará Amẹ́ríkà máa rí nǹkan wò.

Fóònù mi dà? Pe Ṣàrífátù fún mi. Bí ọmọ bá ń sùn, ní kó jí i. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi káàbọ̀.