Ṣé Pẹ́nátì Nìkan Ni Ọwọ́ Mi Wà Fún?

Mi ò jókòó o, Kóòṣì. Ẹ fi àga yín sílẹ̀ jàre. Ṣé èyí tí mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì yín ò tíì tó ni? Kípà ni èmi Usamah, mi ò wá wòran!

Ọkùnrin yẹn wá láti Ìbàdàn, Kóòṣì! Kíláàbù ńlá ló rán an pé kó wá wo kípà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi, ẹ ní, "Usamah, ọjọ́ ẹ ti dé." Mo gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀! Mo bẹ ọ̀gá mi ní wọ́ọ̀fù títí ó fi ní kí n máa lọ. Kí lẹ wá ṣe? Ẹ gbé Tega sínú góòlù, ẹ ní kí èmi lọ jókòó, kí n fi ìbọ̀wọ́ pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, kí àwọn ará Badia tá a bá gbá lánàá má baà mọ̀ pé ẹ lẹ́ni tó ń mú pẹ́nátì.

Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe! Àfi tí eré bá ń parí lọ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì borí, ìgbà yẹn lẹ máa ń rántí pé ìyá kan bí mi. "Usamah, wọlé!" Màá wọlé, màá mú un, gbogbo Ajégúnlẹ̀ á gbé mi jó. Tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di bẹ́ǹṣì. Màámi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, obìnrin tó jókòó tì wọ́n ní, "Ìyá Usamah, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún ni?" Wọn ò wá mọ́ látọjọ́ náà. Ìgbà ò sì lọ bí òréré, Kóòṣì, mò ń dàgbà.

Lánàá, eré ń parí lọ, a ṣì jọ wà ní ọ̀mì, mo ti bọ́ ẹ̀wù òkè, mo ti dúró létí ìlà, ará Ìbàdàn yẹn na ọrùn, ó ń wò mí. Wàláhì, mo rí i! Ni Chukwudi bá forí kan bọ́ọ̀lù, ó wọlé. Gbogbo ayé ń fò, èmi náà fò, mo dì mọ́ Chukwudi, mò ń rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń bàjẹ́. Àbí kí n sunkún pé a borí ni? Lẹ bá ní kí n padà lọ jókòó.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí. Ará Ìbàdàn yẹn bi yín léèrè mi! Mo wà lẹ́yìn yín níbẹ̀, mò ń tú okùn bàtà. Ẹ ní, "Ìyẹn? Ti pẹ́nátì nìkan nìyẹn." Háà! Ẹ̀yin tí mò ń pè ní bàbá! Ní líìgì ńlá tí wọ́n ń gbá lọ́hùn-ún, ṣé pẹ́nátì ni wọ́n fi ń parí eré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni? Ta ló máa mú ẹni tí ò wúlò ju ìyẹn lọ? Ẹnu yín lẹ fi tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó wá ní òun á padà wá lọ́jọ́ àṣekágbá, kóun tún wo Tega. Tega tí ẹ máa ń yọ kúrò kí n tó wọlé! Tega ò ṣẹ̀ mí o. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí.

Ẹ gbọ́, lọ́jọ́ Sátidé tá a máa gbá àṣekágbá, èmi ni kẹ́ ẹ gbé sínú góòlù látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní kí ni? Ta ló máa wá mú pẹ́nátì? Èmi náà ni! Tí mo bá ti ń mú bọ́ọ̀lù látìbẹ̀rẹ̀ eré, ṣé ọwọ́ mi á gé kó tó kan pẹ́nátì ni? Èèmọ̀ rèé o!

Ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Kò burú. Ìbọ̀wọ́ mi rèé lórí tábìlì yín. Tó bá jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì náà lẹ tún fẹ́ fi mí sí, ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ lọ mú pẹ́nátì yín fúnra yín.