Wíìlì Iwájú Tí Mo Bò fún Evelio

Ẹ̀yin ará Aquitania, fadá ti parí Máàsì, ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀, ẹ má tíì lọ jẹun ọ̀sán. Ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín, mi ò wá dẹ́rìn-ín pa yín lónìí. Dókítà ti ka oṣù tó kù fún mi, wọn ò sì tó ìka ọwọ́ kan. Òótọ́ tí mo ti gbé mì láti ọdún méjìlá gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó sin èmi pẹ̀lú rẹ̀. Èmi Saturnino, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ létí adágún yìí, èmi ni mo ṣẹ́ Evelio Chaparro lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe òkúta. Kì í ṣe ajá tí ẹ ní ó sáré kọjá lójú ọ̀nà. Èmi ni.

Kọmpádírè mi ni Evelio, torí èmi ni mo gbé Yolima ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fadá ń ṣàmì fún un. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, mo fi ike fáíbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tó fi ń díje lọ́tùn-ún lósì, tí sípóòkù, irin tín-ín-rín inú wíìlì, ò fi rí afẹ́fẹ́ gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ mọ́. Afẹ́fẹ́ kàn ń yọ̀ kọjá ni. Nínú ìdíje kan, ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ló fi ṣíwájú ẹni tó ṣe ipò kejì. Mo tan rédíò kí n gbọ́ orúkọ mi. Oníròyìn ní, "Ta ló ṣe wíìlì yìí?" Kọmpádírè mi dáhùn wẹ́rẹ́: "Ítálì ló ti wá." Ítálì! Èmi tí mi ò dé Bogotá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ! Mo da omi panela, omi ṣúgà ìrèké gbígbóná tí mò ń mu, sórí rédíò. Rédíò kú, inú mi ò rọ̀.

Etí adágún wa níbí ni ìdíje tó tẹ̀ lé e ti wáyé. Gbogbo ẹni tó ń gbin àlùbọ́sà níbí ló mọ̀ pé tó bá ti di ọ̀sán, atẹ́gùn á ti orí omi wá, á máa gbá èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bo wíìlì iwájú náà pa. Ti ẹ̀yìn ò léwu tó bẹ́ẹ̀, ìwúwo ẹni tó gùn ún ló ń dì í mọ́lẹ̀. Ti iwájú ló ń darí kẹ̀kẹ́. Bí atẹ́gùn bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ìgbòkun. Mo mọ̀. Ìkà èèyàn, mo mọ̀! Evelio ní, "Kọmpádírè, ṣé atẹ́gùn ò ní máa fà mí báyìí?" Mo ní, "Ìwọ ṣáà máa wà á lọ, ará Ítálì. Ìṣẹ́jú kan mìíràn ni mo fi ta ẹ́ lọ́rẹ yẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra: "Ọ̀rọ̀ Ítálì yẹn, màá ṣàlàyé ẹ̀ tí mo bá dé." Kò dé.

Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, atẹ́gùn gbá wíìlì iwájú, kẹ̀kẹ́ fò sínú oko àlùbọ́sà, Evelio balẹ̀ sórí òkúta. Eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọsibítù, Rosalba ìyàwó rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Kọmpádírè, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ rédíò o. Àwọn adájọ́ ìdíje kì í gba wíìlì tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́. Torí kí wọ́n má fòfin de iṣẹ́ ọwọ́ yín ló ṣe parọ́." Ẹ gbọ́ mi? Èmi tí mo ń ké pé wọ́n dalẹ̀ mi, èmi gan-an lọ̀dàlẹ̀!

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀. Evelio lajú, ó ní, "Kọmpádírè, kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi?" Ohun tó burú jù tí mo ṣe nìyí, ó ju ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ lọ. Mo ní, "Ọwọ́ ẹ ló gbọ̀n. Ẹ̀rù bà ẹ́, o fún bíréèkì pa." Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó yíjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kódà kì í gùn ún wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ní báyìí Yolima ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń gun kẹ̀kẹ́ fi àwọn ọkùnrin sílẹ̀ lórí òkè, ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ńlá kan sì ń pè é. Bàbá rẹ̀ ò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ìdílé wa kì í dúró. Mi ò rán ọmọ lọ kú." Ọ̀la ni ẹgbẹ́ náà máa parí gbígba orúkọ.

Evelio, mo rí ẹ lẹ́yìn níbẹ̀, ìwọ tó fi aṣọ ìbora rúánà bojú. Ọwọ́ ẹ ò gbọ̀n rí. Mo bẹ̀ ẹ́, kọ́kọ́ fi ọwọ́ náà buwọ́ lu ìwé ọmọ wa. Lẹ́yìn náà, wá fi gbá mi létí. Mi ò ní yẹ̀ ẹ́.