Aṣọ Dúdú Ilé Jemimah

Titus, jókòó. Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ bá a wá kí mi ní Karmo níbí, ẹ má tíì gbàdúrà. Kíndìnrín mi ti kọṣẹ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Ọlọ́run kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, àdúrà tí ẹ fẹ́ gbà fún mi lè yí padà.

Lọ́dún 2016, iṣẹ́ pípa ẹ̀fọn ni mò ń ṣe ní Jikwoyi. Olú kan ni wọ́n fún wa, ìbátan èyí tó ń mú búrẹ́dì bu, àmọ́ ẹ̀fọn ni tirẹ̀ ń pa. A ó pò ó mọ́ òróró yànmọ̀tí, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní rídì, a ó fi ra aṣọ dúdú, a ó sì gbé aṣọ náà kọ́ sí ògiri. Ẹ̀fọn tó bá bà lé e kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á máa rù díẹ̀díẹ̀, tó bá sì kú, olú á hù funfun lára rẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ni olú yìí. Inú kúlà la gbọ́dọ̀ máa gbé e sí, torí ooru ń pa á.

Lóṣù kejì, nígbà tí oòrùn ń jóni ní àtẹ́lẹsẹ̀, mo kó olú náà jù sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì to ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú kúlà fún ìdúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí mo fi máa rántí rẹ̀, ó ti kú. Mo dán an wò, kò hù lára ẹ̀fọn kankan. Ṣé ẹ rò pé mo sọ fún ọ̀gá? Kí wọ́n lé mi lọ? Mo fi ra aṣọ bẹ́ẹ̀, mo gbé e kọ́ sí yàrá Titus yìí àti Jemimah ìyàwó rẹ̀, níbi tí Fìyìnfólúwa ọmọ wọn ń sùn.

Jemimah ní, "Bọ̀dá Adébíyì, ṣé ká ṣì máa ta nẹ́ẹ̀tì?" Mo ní kó tú u, torí àwọn àlejò ọ̀gá ń bọ̀ wá ya fọ́tò, nẹ́ẹ̀tì á sì mú kó dà bíi pé aṣọ wa ò ṣiṣẹ́. Mo tọrọ pọ́dà ọmọ rẹ̀, mo ní ooru ti sú sí mi lára. Òkú ẹ̀fọn ni mo bu pọ́dà náà lé. Mo ní, "Wò ó, ó ti hù." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "God bless you, sà." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, èmi ìkà.

Òjò bẹ̀rẹ̀, ibà sì gbé Fìyìn dè. Gìrì mú un, wọn ò sì tíì gbé e kọjá Nyanya lójú ọ̀nà ọsibítù tó fi kú. Kí wọ́n tó sin ín, ìyá rẹ̀ fi pọ́dà pa á lójú. Agolo kan náà ni. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi pọ́dà yẹn pa òkú lára.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Jemimah ń sunkún pé òun fọ aṣọ náà nígbà Àjíǹde, torí òróró ara rẹ̀ ti gba eruku, àlejò sì ń bọ̀. Titus, ìwọ lo bi mí níwájú ìyá rẹ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé fífọ̀ tó fọ̀ ọ́ ló fà á?" Mo mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Mo kìlọ̀ fún un." N kò kìlọ̀ fún un rí. O kó ẹrù rẹ̀ síta, kò sì bá ọ jà. Ó ní, "Òótọ́ ni, ọwọ́ mi ni mo fi pa á." Títí dòní ní Kàbbà, níbi tó kó lọ, tí wọ́n bá gbé ọmọ fún un, kì í gbà á. Ó ní ọwọ́ òun ò dáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín lọ́jọ́ náà, kó tán síbẹ̀. Èmi sá fún ìtìjú, ọmọ ọlọ́mọ ló bá mi san án.

Titus, má tíì dárí jì mí. Pe Jemimah, kí o gbé fóònù sí mi lẹ́nu. Tí ohùn mi bá kọ̀, kí o bá mi sọ fún un pé kò fọ nǹkan kan dànù. Òkú ni mo gbé kọ́ sí ògiri rẹ̀.