Àdín Lára Ọ̀pá Fáólìn Àìná

Ìyá Àìná, ẹ gbé àwo ẹ̀kọ yẹn kalẹ̀, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ akọrin tí ẹ wá kí mi, ẹ má tíì lọ. Ọ̀rọ̀ kan ti jẹrà nínú mi. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, ilẹ̀ yóò bì í.

Ẹ mọ̀ pé èmi Ajíbóyè ni mo mú fáólìn, gòjé òyìnbó, wọ ìjọ wa ní Èjìgbò. Ẹ sì mọ òfin mi: ọmọ yóò fi ẹnu kọ orin yanjú kí ó tó gbé e léjìká, kò sì sí ọmọ tó gbọdọ̀ fi oje igi gbígbẹ pa ọ̀pá onírun ẹṣin tí a fi ń fà á. Èmi nìkan ni mo ń pa á, nítorí irun tí kò bá rí oje kì í mú okùn, kì í dún. Ẹ pè é ní àmójútó. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí ohùn gbogbo wọn wà ní ìkáwọ́ mi ni.

Àìná wá ti Masifa dé. Orin tó gbà mí lóṣù, bí ẹni ń mu omi ni lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Bàbá Ìjọ ní, "Olùkọ́, ọmọ yìí máa fa àga kúrò nídìí yín o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí kò kọjá eyín, inú ló ń bù jẹ.

Ìkórè ọdún 1961, àlejò kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn, yóò mú ọmọ kan lọ kọ́ orin, kó padà wá di olùkọ́. Àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Mo gbẹ́ tèmi kan omi. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ra àdín, Ìyá Àìná. Mo ní ikọ́ ń ṣe mí. Ẹ tún bù mí ní èènì, ẹ ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi o." Láàárọ̀ Ìkórè, dípò oje, àdín yẹn ni mo fi pa ọ̀pá rẹ̀.

Ọmọ fà á, fà á, kò dún. "Ẹ̀ṣẹ̀ ló dí i!" ni Bàbá Ìjọ wí, torí àṣà wa ni pé ẹni tí orin bá kú mọ́ lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Àìná kọjú sí mi: "Olùkọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ pa ọ̀pá mi." Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu ìkà yìí sọ: "Ọmọ mi, jẹ́wọ́." Wọ́n dà á láàmú títí ó fi gbà pé àjẹ́ ni òun. Wọ́n ju ọ̀pá náà síná, òórùn àdín sì gba gbogbo ọgbà. Wọ́n ní òórùn àjẹ́ ni. Kò pẹ́ tí Àìná fi bá àwọn oníṣòwò lọ sí Àbíjáàn. Àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní bí wọ́n bá dárúkọ ìlú wa, ṣe ló máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Ìyá Àìná, bí ẹ bá gbé oúnjẹ wá fún mi, ẹ máa ń wo àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ní, "Ọwọ́ àdín mi yìí ni mo fi gbé ọ̀pá ọmọ mi, Olùkọ́. Èmi ni mo ba ayé rẹ̀ jẹ́." Èmi á sì máa jẹun lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ ẹ̀rín tí kò bá dénú yín. Ìyá Àìná, ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ, ẹ ní olùkọ́ rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Ẹ gbé ẹ̀kọ yín, mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ọwọ́ yín mọ́.