Ìlà Kan Tí Mo Fi Kún Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi yá gágá lónìí, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo bá ti rántí, ojú á gbà mí tì. Mo jẹ́ kí wọ́n lé ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ nítorí ohun tí èmi gan-an fọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Ó kù díẹ̀ ká wọ ọdún 2000 nígbà náà. Èmi àti Rísí la jọ ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa ní Agbowó. Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni ọ̀gá fi sórí èyí kan ṣoṣo tá a ní, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ká má fọwọ́ kan ètò ẹ̀. Ojú mi ò ríran dáadáa, lẹ́tà ibẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ mi ò jẹ́ lo awò ojú. Èmi ọmọge tó ń wá ọkọ! Ṣé kí ìyá ọkọ rí mi kó ní afọ́jú lọmọ òun mú wálé ni? Lọ́jọ́ tí Rísí lọ kírun ọ̀sán, mo ṣí fáìlì tí kọ̀ǹpútà máa ń kà kó tó gbé àwòrán jáde, mo kọ ìlà kan kún un kí lẹ́tà lè tóbi. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Yéè! Ó béèrè orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, mo tẹ̀ ẹ́, ojú ẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dúdú, ló bá tún dá mi pa dà síbi tó ti ń béèrè orúkọ. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, pàbó ló já sí. Mo bá dìde, mo lọ ra omi bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

Rísí tó ti kírun dé ni ọ̀gá bá nídìí ẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, bí mo ṣe bá a nìyí o.” Wọn ò gbà. Wọ́n ní kó máa lọ sílé ní Mọ́níyà, kó má pa dà wá mọ́. Èmi ńkọ́? Mo dákẹ́! Ọjọ́ méjì gbáko ni ọ̀gá fi ń wá ohun tó ṣe é, tí èmi tí mo mọ̀ ọ́n ń bá wọn tú wáyà. Irú èèyàn wo nìyẹn? Lọ́jọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Wọ́n gba ibi tí kò lo àwòrán wọlé, ibi tó jẹ́ lẹ́tà funfun lásán, wọ́n pa ìlà mi tí kò tọ̀nà rẹ́, kọ̀ǹpútà sì ṣí wẹ́rẹ́. Wọ́n ní, “Ìwọ fúnra ẹ ni wàá lọ mú Rísí wá.”

Mo bá a níbi tó ti ń fọṣọ. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi bú sẹ́rìn-ín.

“Mo kúkú mọ̀. Ta ni mo fi sílẹ̀ nídìí ẹ̀ tí kì í ṣe ìwọ?”

“Kí ló dé tó ò sọ fún ọ̀gá?”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá wá ni.”

Mo sunkún gan-an. Títí dòní la ṣì jọ ń ṣiṣẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bẹ́ ẹ bá ba nǹkan jẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Rísí fi ń wo ọ̀nà, tó ń retí mi.