Fèrè Tí Wọ́n Fọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

[Ọ̀sán Sátidé. Adùnọlá ló pè láti Sùúrùlérè, ní Èkó. Ìyá rẹ̀ ló gbé e, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń dáná ìrántí ẹ̀gbọ́n ìyá náà tó ti kú. Ìkòkò ń dún, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín.]

MÀMÁ: Adùnọlá ọmọ mi! Ẹ kú ilé o.

ADÙNỌLÁ: Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú—

MÀMÁ: O ṣé. Ẹ ti jẹun? Ọbẹ̀ tí mo gbé sínú fíríìjì ńkọ́?

ADÙNỌLÁ: A ti jẹ ẹ́, mà. Màmá, ṣé ẹ jókòó?

MÀMÁ: Níbo ni mo ti fẹ́ ráyè jókòó? Ẹran la ń gé lọ́wọ́. Kí ló ṣe ohùn ẹ?

ADÙNỌLÁ: Wọ́n já fóònù mi gbà láàárọ̀ yìí.

MÀMÁ: Yéè! Àwọn wo?

ADÙNỌLÁ: Àwọn bọ̀ìsì méjì lórí ọ̀kadà. Búrẹ́dì ni mo lọ rà—

MÀMÁ: Wọ́n gún ẹ? Wọ́n fọwọ́ kàn ẹ́?

ADÙNỌLÁ: Rárá, mà. Wọn ò—

MÀMÁ: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Orí yọ ẹ́. Fóònù kì í ṣe ẹ̀mí. Ṣebí ohun tí mo ń sọ nìyẹn, ẹ má tẹ fóònù lójú títì, ẹ ò gbọ́. Wọ́n já báàgì ìyàwó pásítọ̀ gbà. Wọ́n fọ̀bẹ ya ọmọ Ògúntádé lápá, ní ọ̀sán gangan! Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó wa yìí, àdúgbò tí a ti ń tẹ́ ẹní sùn síta nígbà tí ooru bá mú—

[Ìlà ń ṣe ṣááṣáá.]

MÀMÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

ADÙNỌLÁ: Mo ń gbọ́ yín, mà.

MÀMÁ: Má sunkún. Tí mo bá dé, a máa wá òmíràn. Níyì ńkọ́? Fún un ní fóònù, ẹ̀gbọ́n ẹ ló mọ bó ṣe máa ń pẹ̀tù sí ẹ nínú. Àbí— dúró ná. Nọ́ńbà ẹ ni mo rí níbí o.

ADÙNỌLÁ: Màmá—

MÀMÁ: Ṣebí o ní wọ́n gbà á. Kí lo wá fi ń pè mí?

ADÙNỌLÁ: Bọ̀dá Níyì ló gbà á padà, mà.

MÀMÁ: [Ó bú sẹ́rìn-ín.] Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin obìnrin yìí! Ọmọ mi lé olè bá! Ọmọ ọkọ! Fún un ní fóònù, jẹ́ n kí i.

ADÙNỌLÁ: Màmá, please, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

MÀMÁ: Ẹ̀gbẹ́ wo? Má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún mi. Níyì dà?

ADÙNỌLÁ: A wà ní ọsibítù.

[Ọ̀bẹ já bọ́ sínú abọ́. Ẹ̀rín dákẹ́.]

MÀMÁ: Ìwọ àti ta ni? Wọ́n yìnbọn fún un?

ADÙNỌLÁ: Rárá, mà. Bí wọ́n ṣe já a gbà, Bọ̀dá Níyì gbá tẹ̀ lé wọn. Èmi sáré wọlé, mo mú fèrè tó wà lára ìlẹ̀kùn—

MÀMÁ: Fèrè àdúgbò?

ADÙNỌLÁ: Èyí tí wọ́n pín ní mítìǹgì, tojúlé tojúlé. Mo fọn ọ́n, Màmá. Mo fọn ọ́n gan-an.

MÀMÁ: Wọ́n jáde?

ADÙNỌLÁ: Gbogbo wọn jáde. Igi, òkúta, irin. Wọ́n dí ìkóríta pa, bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe.

MÀMÁ: Ẹ̀n-hẹ́n?

ADÙNỌLÁ: Ọ̀kadà wọn ti kó sí gọ́tà ní àdúgbò kejì. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Níyì bá wọn. Wọ́n ju fóònù sílẹ̀, wọ́n sá lọ. Ó wá ń sáré mú un bọ̀ wá fún mi, Màmá. Ó gba ìkóríta wọlé—

MÀMÁ: Rárá.

ADÙNỌLÁ: Wọ́n rí ọkùnrin tó ń sáré. Wọ́n rí fóònù obìnrin lọ́wọ́ ẹ̀. Fèrè ò sì tíì dákẹ́, èmi ni mo ṣì ń fọn ọ́n—

MÀMÁ: Rárá, rárá, rárá! Wọn ò mọ̀ ọ́n ni? Níyì tí wọ́n bí sójú wọn!

ADÙNỌLÁ: Òjò ń kán, ó fi hood borí. Bọ̀dá Ṣítù ló kọ́kọ́—

MÀMÁ: Ṣítù wo? Ṣítù tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa?

ADÙNỌLÁ: Irin tó fi ń tú táyà ló gbá mọ́ ọn lórí. Ìgbà tó ṣubú ni wọ́n tó rí ojú ẹ̀. Bọ̀dá Ṣítù náà ló gbé e débí. Ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, kò jẹ́ dìde.

[Ọkùnrin kan ń ké lọ́ọ̀ọ́kán, bí ọmọdé.]

MÀMÁ: Ṣítù! Tí mo gbé ọmọ ẹ̀ jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ! Ẹ gbà mí o! Ṣítù pa mí o!

ADÙNỌLÁ: Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo fọn fèrè.

MÀMÁ: Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ló dìde ní mítìǹgì, tó ní ká ra fèrè, pé kí ọlọ́pàá tó dé, olè á ti délé? Èmi ni. Èmi ni mo lọ rà á ní Tejúoṣó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, Adùnọlá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi!

[Ìlà ń ṣe ṣááṣáá.]

MÀMÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Kí ni dókítà wí?

ADÙNỌLÁ: Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ọpọlọ. Ó ní... ó ní tí ẹnikẹ́ni bá wà tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ká pè é.

MÀMÁ: Òun fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀?

ADÙNỌLÁ: Rárá, mà. Ó kàn ń mí ni. Nọ́ọ̀sì ní ó lè máa gbọ́.

MÀMÁ: Gbé e sí i létí.

ADÙNỌLÁ: Màmá, bátìrì mi—

MÀMÁ: Mo ní gbé e sí i létí!

[Ẹ̀rọ kan ń dún tín, tín. Èémí wúwo.]

MÀMÁ: Níyì. Ìyá ẹ ni. Àkànní, àkọ́bí mi, ọmọ Ajílété. O gba fóònù náà o, òun la fi ń sọ̀rọ̀ yìí. O ṣeun, ọkọ mi. Ìwọ kì í ṣe olè. Ṣé o gbọ́ mi? Gbogbo wọn ti mọ̀. Ìwọ kì í ṣe olè.

ADÙNỌLÁ: Màmá, omi ń jáde lójú ẹ̀!

MÀMÁ: Ó gbọ́! Àkànní, mo ń bọ̀ wá bá ẹ.

[Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá: Ìyá Níyì, ẹ wọ bàtà, ẹ jẹ́ ká wá ọkọ̀ tó ń lọ Èkó—]

MÀMÁ: Ẹ dákẹ́ jàre! Níyì, má dá wọn lóhùn. Mo ti dé Èkó tipẹ́. Ojú Ẹlẹ́gbà ni mo wà yìí. Dúró dè mí.

ADÙNỌLÁ: Màmá, ó ń— Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́!

MÀMÁ: Fi fóònù sílẹ̀ létí ẹ̀! Àkànní, mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rí géètì ọsibítù. Mo ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ yìí, ọwọ́ mi ti wà lára ìlẹ̀kùn, má ì tíì sùn, jẹ́ n wọ—

[Ìpè já.]